Owó láísẹ́ǹsì tẹlifíṣọ̀n ní Ìlú Ọba: ẹni tó ṣílẹ̀kùn ni wọ́n ń mú

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Oṣù kẹrin mi rèé ní Leeds. Lẹ́tà kẹta ti dé lórí láísẹ́ǹsì tẹlifíṣọ̀n, èyí tó dé lánàá sì ní lẹ́tà pupa gàdàgbà lókè, wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá sílé. Yàrá kan ni mo yá. Mi ò ní tẹlifíṣọ̀n, fóònù ni mo fi ń wo ìròyìn ilé. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n ya á dànù, pé láti ọdún mẹ́fà tóun ti dé, òun ò san kọ́bọ̀. Kí ni kí n ṣe? Kí ló sì dé tí wọn ò fi wá ọ̀nà tó sàn ju èyí lọ gba owó yìí?

* * *

Àbúrò, má ya lẹ́tà kankan dànù. Kà á, wo nọ́ńbà tó wà lórí ẹ̀, kó o tọ́jú ẹ̀ síbi tí wàá ti rí i.

Orúkọ owó yẹn ló ń da ọ̀rọ̀ rú mọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lójú. A gbọ́ "láísẹ́ǹsì tẹlifíṣọ̀n", a wo inú yàrá yíká, a ò rí tẹlifíṣọ̀n, a ní kò kàn wá. Òfin ò bèèrè ohun tó wà lórí tábìlì ẹ. Ohun tó ń bèèrè ni pé, ṣé ò ń wo ètò tẹlifíṣọ̀n lásìkò tí wọ́n ń fi í hàn gan-an, láti ìkànnì yòówù kó ti wá, àbí ò ń lo iPlayer, ìyẹn ibi tí BBC ń kó ètò ẹ̀ sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, wàá san, ì báà ṣe fóònù lo fi ń wò ó. Ìròyìn aago mẹ́sàn-án láti Nàìjíríà, bó o bá ń wò ó bí wọ́n ṣe ń kà á lọ́wọ́, wà níbẹ̀. Fídíò tí wọ́n gé sórí YouTube lẹ́yìn tí ìròyìn ti parí, kò sí níbẹ̀. Fíìmù tó o fúnra ẹ yàn lórí Netflix, kò sí níbẹ̀, àfi ọjọ́ tí wọ́n bá ń fi ẹ̀ṣẹ́ kíkàn hàn bó ṣe ń lọ. Rédíò ti bọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí láti 1971. iPlayer ni wọ́n fi kún un ní oṣù Kẹsàn-án 2016.

Ìbéèrè tèmi fún ẹ: ìwé ilé tó o fọwọ́ sí, ṣé yàrá tìẹ nìkan ló wà níbẹ̀, àbí gbogbo yín lẹ jọ fọwọ́ sí ìwé kan ṣoṣo? Bẹ́ ẹ bá jọ fọwọ́ sí i, láísẹ́ǹsì kan tó gbogbo ilé. Bó bá jẹ́ yàrá ẹ nìkan, o nílò tìẹ lọ́tọ̀. Bí lánlọ́ọ̀dù bá ní òun ti san, bi í pé yàrá wo ló san fún.

* * *

Ìdáhùn mi sókè yìí ti di ariwo, àwọn òǹkàwé ń fèsì. Láàárín ọjọ́ méjì, àwọn kan ti pe BBC tí owó náà ń lọ bá lólè, àwọn kan ti pe ẹni tí ò san lólè, ọ̀gá kan ní Luton sì ní òun ń san nítorí pé òun ò fẹ́ kí nǹkan kan ta bá ìwé ìgbélùú òun. Ọ̀gá Luton ló sọ ohun tó wà lọ́kàn púpọ̀ nínú wa. Ẹ̀rù ló ń gba owó yẹn lọ́wọ́ wa. Bẹ́ẹ̀, owó tí wọ́n bá ń fi ẹ̀rù gbà, ọwọ́ ẹni tẹ́rù ń bà nìkan ló ti ń jáde; ọ̀rẹ́ ẹ ọlọ́dún mẹ́fà ń wo bọ́ọ̀lù ẹ̀ jẹ́jẹ́.

Ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Ilé tí mo kọ́kọ́ gbé níbí, yàrá márùn-ún ni, oníkálukú pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n kékeré kan wà lórí fíríìjì ní kíṣìnnì. A ò mọ ẹni tó ni ín, a bá a níbẹ̀ ni. Wọ́n fi sẹ́lótéèpù lẹ wáyà eriali ẹ̀ mọ́ ògiri. Bí ooru ìkòkò bá ti gbà á, á já, àwòrán á lọ, ẹni tó ń rokà á fi ẹ̀yìn omorógùn tẹ̀ ẹ́ padà. Àwa márààrún la ń wò ó. Lẹ́tà ń wọlé, kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni lórí ẹ̀, "ẹni tó ń gbé ilé yìí" ni wọ́n kọ ọ́ sí, ni oníkálukú bá ń gbé e sórí àpótí ẹnu ọ̀nà de ẹlòmíì. Ó tó mẹ́jọ tó kó jọ síbẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ní aago mọ́kànlá àárọ̀, àwa mẹ́rin ti gba ibi iṣẹ́ lọ. Àǹtí kan tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó ló wà nílé, oorun ló ń sùn. Aago ẹnu ọ̀nà dún, ó ró aṣọ mọ́yà, ó lọ ṣílẹ̀kùn. Ọkùnrin kan ló dúró síbẹ̀ tòun ti fáìlì. Kò pariwo, kò bú u. Ó bi í bóyá wọ́n ń wo tẹlifíṣọ̀n nílé yẹn. Àǹtí tí kì í purọ́ ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, a máa ń wò ó." Ọkùnrin náà ka nǹkan kan sí i létí, ó kọ èsì ẹ̀ sílẹ̀, ó ní kó fọwọ́ sí i. Àǹtí fọwọ́ sí i kó lè padà sórí ibùsùn.

Òun nìkan ni ìwé kóòtù wá bá. Nígbà tí ìtanràn jáde, £5 ló ń san lọ́sẹ̀. Àwa méjì dá owó fún un. Àwọn méjì tó kù ní àwọn ò wo tẹlifíṣọ̀n rí láyé àwọn.

* * *

Ẹnì kan ní mo ń fi ìtàn àánú bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, pé òfin ni òfin. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wo òfin.

Abala 363 nínú òfin ìbánisọ̀rọ̀ ti 2003 ló sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn. Ìtanràn lè tó £1,000, a ò tíì ka owó ẹjọ́. Wọn kì í tìtorí láísẹ́ǹsì fúnra ẹ̀ ju èèyàn sẹ́wọ̀n, àmọ́ ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀ tí ò san ìtanràn kóòtù lè dé ibẹ̀. Láti 2015, májísíréètì kan, ìyẹn adájọ́ ilé ẹjọ́ kékeré, lè jókòó ti ìwé pẹ̀lú agbaninímọ̀ràn òfin kan, kó dá ẹjọ́ náà láìsí pé olùjẹ́jọ́ dúró níwájú ẹ̀. Ẹni tí ò bá dá ìwé padà, wọ́n lè dá a lẹ́bi níbẹ̀. Ìwé yẹn ni ẹni tí ọkọ ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ sá lọ, tàbí ẹni tí ara ẹ̀ ò yá, gbọ́dọ̀ fi ṣàlàyé ara ẹ̀.

Ẹ wá wo òdìkejì. Olùbẹ̀wò tó wá kanlẹ̀kùn ò láṣẹ láti wọlé bí onílé ò bá gbà fún un, àfi tó bá ti kóòtù gba ìwé àṣẹ. Onílé ò sì jẹ ẹ́ ní gbèsè ìdáhùn. Ẹni tó mọ èyí á ní "ẹ ṣeun", á tilẹ̀kùn, ó parí. Ẹni tí ò mọ̀ ló ń fọwọ́ síwèé.

Ẹni a bá lábà là ń pè ní baba. Níbí, ẹni tí wọ́n bá nílé ni wọ́n ń pè lẹ́jọ́. Nínú àwọn tí kóòtù ń dá lẹ́bi lórí láísẹ́ǹsì, ó ju 7 lọ nínú 10 tó jẹ́ obìnrin. Ṣé obìnrin ló ń wo tẹlifíṣọ̀n jù ni? Obìnrin ló sábà máa ń wà nílé lọ́sàn-án pẹ̀lú ọmọ. Òun ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń dá tọ́mọ. Òun ló ń ṣílẹ̀kùn. BBC fúnra wọn gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò ní 2017, ibi tí wọ́n já sí ò jìnnà síbi tí mo wà yìí.

Bí ọ̀nà yẹn bá tiẹ̀ ń mówó wọlé, à bá ní ó tọ́. Ní 2025, ìgbìmọ̀ aṣòfin tó ń yẹ ìnáwó ìjọba wò kọ ọ́ sínú ìròyìn wọn pé ìbẹ̀wò sí ẹnu ọ̀nà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2 mílíọ̀nù lọ́dún, ó fi nǹkan bí ìdajì ju ti ọdún tó ṣáájú lọ, síbẹ̀ kò mú kí láísẹ́ǹsì tí wọ́n ń tà pọ̀ sí i. Owó àdá ti fẹ́ ju owó igi lọ.

* * *

Fún àwọn tó ń bèèrè ọkọ̀ tó ń fi ẹ̀rọ gbọ́ tẹlifíṣọ̀n láti òpópónà: ọkọ̀ náà ti wà láti 1952, nígbà tí tẹlifíṣọ̀n jẹ́ àpótí ńlá. Ohun tó ń gbé èèyàn dé kóòtù lónìí ni ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ àti ìbuwọ́lùwé ẹ̀. Ẹ dẹ́kun àtipa iná nígbà tí ọkọ̀ funfun bá ń kọjá. Asán ni.

* * *

Arákùnrin Manchester, mo rí ọ̀rọ̀ yín. Ẹ ní bí wọ́n bá yọ ọ́ kúrò ní ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn, kò sẹ́ni tó máa san mọ́. Ẹ ò dá wà. Agbẹjọ́rò tí ìjọba ní kó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò ní 2015, David Perry, ní kí wọ́n ṣì fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Ìjọba tún gbé e yẹ̀ wò ní 2020. Nígbà tó di oṣù Kìíní 2021, wọ́n ní àwọn ò tíì yí i padà.

Mo ṣì ń bá yín jiyàn. Ẹ wo Skọ́tílándì tó wà nítòsí yín níbẹ̀ yẹn. Òfin kan náà ni, àmọ́ ọ̀dọ̀ agbẹjọ́rò ìjọba ni ẹjọ́ ń lọ, wọn kì í sì í sábà gbé e dé kóòtù. Àwọn èèyàn ibẹ̀ ò torí ẹ̀ dáwọ́ owó sísan dúró. Ẹ wá wo Gúúsù Áfíríkà. R265 lọ́dún ni láísẹ́ǹsì níbẹ̀, ẹni tó fẹ́ ra tẹlifíṣọ̀n gbọ́dọ̀ fi láísẹ́ǹsì han ẹni tó ń tà á. Òfin wà, ìtanràn wà, síbẹ̀ ó ju 8 lọ nínú 10 tí kì í san. Pàṣán nìkan ò tó.

Ítálì ni wọ́n ti rí ọ̀nà mìíì. Títí di 2015, ọ̀pọ̀ ilé níbẹ̀ kì í san, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin. Ní 2016 wọ́n kó owó náà wọnú bíìlì iná, wọ́n dín in láti €113.50 sí €100, lọ́dún tó tẹ̀ lé e ó di €90. Àwọn tí kì í san dín kù débi pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Wọn ò rán ẹnikẹ́ni lọ kanlẹ̀kùn. Kòríà Gúúsù ti kó tiwọn mọ́ owó iná láti 1994. Nígbà tí ìjọba ibẹ̀ tú u ká ní 2023, kò pẹ́ tí ilé aṣòfin wọn fi ní kí wọ́n dà á pọ̀ padà.

Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni pé ọ̀pọ̀ àwọn tí kì í san kì í ṣe ọ̀tá. Wọ́n gbàgbé ni, tàbí wọ́n sún un síwájú, tàbí owó ò sí lọ́sẹ̀ yẹn. Ohun tó bá wọnú bíìlì tí èèyàn ń san tẹ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó ń sún un síwájú.

Ibì kan wà tí mo gbà fún yín. Bí wọ́n bá sọ ọ́ di gbèsè lásán, àwọn agbésùnmọ́mí, mo fẹ́ sọ pé àwọn agbowó gbèsè, á wá máa kanlẹ̀kùn dípò olùbẹ̀wò, gbèsè náà á sì wọnú àkọsílẹ̀ tí báǹkì ń wò kí wọ́n tó yá èèyàn lówó. Fún ẹni tó fẹ́ ra ilé, ìyẹn lè dunni ju ìtanràn lọ. Torí náà, bí wọ́n bá máa yí i padà, kí òfin sọ gbangba pé agbowó gbèsè ò gbọ́dọ̀ kó ẹrù ẹnikẹ́ni torí owó láísẹ́ǹsì ọdún kan, tó jẹ́ £174.50 nígbà tí wọ́n gbé e sókè ní oṣù Kẹrin 2025.

* * *

Ẹ rọra fi Nàìjíríà sílẹ̀ níbí yìí. Àmọ́ ẹ ti bèèrè: bẹ́ẹ̀ ni, láísẹ́ǹsì rédíò àti tẹlifíṣọ̀n wà nínú ìwé òfin wa ní ilé. Àfikún Kẹrin ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 fi gbígbà á sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀.   Ẹ jẹ́ ká padà sí Ìlú Ọba.

* * *

Ìyá kan ní Birmingham béèrè pé bíìlì wo wá ni wọ́n máa kó o mọ́ níbí. Iná ò ṣeé ṣe dáadáa, nítorí ilé iṣẹ́ tó ń ta iná pọ̀, àwọn tálákà ló sì ń lo mítà tí wọ́n ń rọ owó sí; bí owó láísẹ́ǹsì bá wọ ibẹ̀, òkùnkùn ni wọ́n máa sùn sí. Council tax, owó tí ilé kọ̀ọ̀kan ń san fún ìjọba ìbílẹ̀, ni mo rò pé ó yẹ. Mo ti ń sọ ọ́ tipẹ́.

Ìdí tó mú mi lọ́kàn jù nìyí. Láísẹ́ǹsì ò mọ èèyàn mélòó ló wà nílé. Abiyamọ tó dá gbé pẹ̀lú ọmọ méjì ń san iye kan náà pẹ̀lú ilé tí àgbà márùn-ún ti ń gbowó oṣù. Council tax mọ̀ ọ́n: àgbàlagbà kan ṣoṣo nílé, wọ́n á gé 25% kúrò. Ilé tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ló wà níbẹ̀ kì í san rárá. Ilé kékeré ń san kékeré, ilé ńlá ń san ńlá. Gbogbo àánú tí láísẹ́ǹsì ò ní ti wà nílẹ̀ níbẹ̀, àti orúkọ ẹni tó ń gbé ilé. Kò ní sí "ẹni tó ń gbé ilé yìí" lórí àpótí ẹnu ọ̀nà mọ́.

Jámánì ṣe nǹkan tó jọ ọ́ ní 2013. Wọ́n dẹ́kun bíbèèrè pé ṣé o ní tẹlifíṣọ̀n. Ilé kọ̀ọ̀kan ń san, €18.36 lóṣù láti 2021. Olùbẹ̀wò ò ní ohun tó ń yọjú wá wò mọ́. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lórí òfin orílẹ̀-èdè wọn fọwọ́ sí i ní 2018, àyàfi pé wọ́n ní ẹnì kan ò gbọ́dọ̀ san án lẹ́ẹ̀mejì nítorí pé ó ní ilé méjì.

* * *

Mo mọ̀ pé wọ́n máa gbá mi mú lórí ìyẹn. Ọmọ kan ní Croydon tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀wé pé: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ mọ̀ pé council tax ni gbèsè tí wọ́n ṣì lè torí ẹ̀ sọ èèyàn sẹ́wọ̀n ní England? Ẹ fẹ́ gbé obìnrin yẹn kúrò nínú páànù sínú iná."

Òótọ́ lo sọ, àbúrò. Wales ti pa ẹ̀wọ̀n yẹn rẹ́ ní 2019, England ò tíì pa á rẹ́. Northern Ireland ò tiẹ̀ ní council tax, owó ilé mìíì ni tiwọn. Torí náà mo tún ọ̀rọ̀ mi sọ: kí wọ́n kọ́kọ́ yọ ẹ̀wọ̀n kúrò lára council tax, èyí tó yẹ kí wọ́n ti ṣe, kí wọ́n tó kó nǹkan mìíì lé e lórí. Ó máa pẹ́. Àdéhùn tó gbé BBC ró máa parí ní òpin 2027, ìgbà yẹn ni àyè máa ṣí sílẹ̀.

Àwọn tó ní "mi ò wo BBC, kí ni mo fẹ́ san fún?", mo gbọ́ yín. Ẹ ní kí wọ́n ti iPlayer pa, kí ẹni tó bá ní nọ́ńbà láísẹ́ǹsì nìkan máa wọlé. Mo gbà. Ó ti yẹ kí wọ́n ṣe é. Lónìí, ó ní kó o fi orúkọ wọlé, ó bi ọ́ bóyá o ní láísẹ́ǹsì, o tẹ bẹ́ẹ̀ ni, ó gbà ẹ́ gbọ́. Àmọ́ ìyẹn ò yanjú eriali. Ohun tó ń gba ojú eriali wọlé, gbangba ni wọ́n ń gbé e, kò ní kọ́kọ́rọ́. Bí wọ́n bá ní káwọn ti ìyẹn pa, àwọn arúgbó ló máa kọ́kọ́ pàdánù. Wọ́n ti gba ọ̀fẹ́ àwọn tó lé ní ọdún 75 kúrò ní oṣù Kẹjọ 2020, àfi ẹni tó bá ń gba Pension Credit, owó ìrànwọ́ fún arúgbó tí owó tó ń wọlé fún un kéré. Ẹ má tún fi eriali kún un.

* * *

Àbúrò Leeds ti padà wá. Ó ní yàrá òun nìkan ló wà lórí ìwé ilé, òun sì ń wo ìròyìn bó ṣe ń lọ lọ́wọ́, torí náà òun fẹ́ san, àmọ́ wọ́n ní £29 lóṣù, òun rò pé £14 ni.

Ibi tó yẹ kí wọ́n tún ṣe lọ́la nìyẹn, kò nílò ilé aṣòfin. Ẹni tó bá ń fi direct debit san lóṣooṣù fún ìgbà àkọ́kọ́, ìyẹn kí báǹkì máa yọ owó náà fúnra ẹ̀, oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi ń gba owó ọdún kan tán, lẹ́yìn náà ló máa ń já sí bí ìdajì ìyẹn lóṣù. Ìgbà tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tó ń ra ibùsùn àti aṣọ òtútù, ìgbà yẹn ni wọ́n ń gba ìlọ́po méjì. Ètò kan wà tó ń pín in sí oṣù méjìlá láti ìbẹ̀rẹ̀, àwọn tí owó há fún ni wọ́n ṣe é fún, àwọn tó mọ̀ ọ́n ò sì pọ̀. Ì bá jẹ́ èmi, ètò yẹn ni máa fi ṣe ti gbogbo èèyàn.

Pe nọ́ńbà tó wà lórí lẹ́tà. Bó o bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, tàbí tí owó ò tíì dúró, sọ bẹ́ẹ̀, kó o bèèrè bóyá wọ́n lè pín in sí oṣù méjìlá. Bí wọ́n bá ní kò ṣeé ṣe, bèèrè káàdì ìsanwó tó o lè máa fi san díẹ̀díẹ̀. Tó o bá máa lọ kí wọ́n nílé fún oṣù mẹ́ta nígbà ìsinmi, bi wọ́n léèrè nípa owó tí wọ́n lè dá padà. Tó o bá sì pinnu pé fídíò tí wọ́n gé tán lo máa máa wò nìkan, sọ fún wọn pé o ò nílò ẹ̀, lẹ́tà pupa á dúró fúngbà díẹ̀. Àmọ́ kó o dúró lórí ẹ̀ o, má tún máa wo bọ́ọ̀lù ọjọ́ Sátidé.

Ọ̀rẹ́ ẹ ọlọ́dún mẹ́fà ńkọ́? Bi í pé ta ló ń ṣílẹ̀kùn nílé ẹ̀ lọ́sàn-án.